Mọ́tò ò tíì pé ọdún méjì, stíárìn ẹ̀ ti ń ké: ohun tójú mi rí ní Kàbà

Kí n ti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù bẹ̀rẹ̀: ariwo tó ń jáde nínú stíárìn mọ́tò mi kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, mẹ́ta ni, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń dún pọ̀ nígbà míì, ìdí nìyẹn tí ẹnu àwọn èèyàn ò fi kò lórí ẹ̀. Ẹnì kan á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní ó ń han fíìn, ẹlòmíì á ní rárá o, ó ń kàn kọ́, àbúrò mi tó wá láti Lọ́kọ́ja ní tòun, kíún-kíún lòun ń gbọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n téèyàn bá kó gbogbo ẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì bíi pé ariwo kan náà ni, ohun tó wọ́n jù lára mọ́tò ni wọ́n máa dárúkọ.

Mọ́tò náà ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí mo rà á. Kì í ṣe tòkunbọ̀ o, ọwọ́ ẹni tó rà á ní tuntun l'Ábújá ni mo ti rà á, onítọ̀hún fẹ́ kúrò ní Nàìjíríà ló fi tà á, kílómítà tó wà lójú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 18,000, kódà náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi bo ìjókòó ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ bá a ṣe máa ń ṣe. Ẹ má bi mí lórúkọ mọ́tò, ẹ máa rí i níwájú pé ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ́. Tíṣà ni mí ní Kàbà níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ilé bàbá mi wà ní Ìsánlú, torí náà Kàbà sí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ sí Mòpà sí Ìsánlú ni ọ̀nà tí mo ń tọ̀ jù, tí nǹkan bá sì gbé mi lọ Lọ́kọ́ja, ọ̀nà Obájánà ni mo ń gbà, níbi tí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ti ń ṣe bó ṣe wù wọ́n.

Mo kọ́kọ́ pe àwọn tó ń ta irú mọ́tò náà ní tuntun. Wọ́n ní wàráńtì mọ́tò ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó rà á, ìyẹn ni pé ó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún mi, àmọ́ ìwé sẹ́fíìsì ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ìwé sẹ́fíìsì ò pé. Ó parí síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò tó ṣì jọ tuntun lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ béèrè ìwé yẹn kí ẹ tó sanwó, ẹ má jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù orí ìjókòó tàn yín.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá ò tiẹ̀ wọnú mọ́tò. Ìta ló dúró sí, ó ní kí n yí stíárìn, ó gbọ́ kọ́, ó ní, "Mummy, rack yín ti lọ." Mo ní báwo ni rack mọ́tò tí ò tíì pé ọdún méjì ṣe máa lọ, ó ní ọ̀nà wa ni. Ọ̀nà wa burú lóòótọ́, mi ò lè bá a jiyàn nípa ìyẹn, ṣùgbọ́n rack ni irin gbọọrọ tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì nígbà téèyàn bá yí stíárìn, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, tí wọ́n bá sì pààrọ̀ ẹ̀ tán wọ́n tún gbọ́dọ̀ ṣe alignment, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe, àwọn mọ́tò kan tiẹ̀ wà tí wọ́n á fi kọ̀ǹpútà kọ́ sensọ̀ stíárìn, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ bó ṣe yí, ní ibi tí àárín wà. Ẹni tó máa ná mi ní irú owó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan mọ́tò.

Ẹnì kejì ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní òróró power stíárìn ló gbẹ, kí n lọ ra gálọ́ọ̀nù kékeré kan wá. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un, mo ní kó fi ibi tí a máa dà á sí hàn mí. Ó wá a wá a. Kò rí i, torí kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn díẹ̀, torí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Stíárìn ayé àtijọ́, pọ́ọ̀ǹpù kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí bẹ́líìtì ń yí, òun ló ń ti òróró wọ inú rack kí stíárìn lè fúyẹ́ lọ́wọ́. Tí òróró yẹn bá dín tàbí tí afẹ́fẹ́ bá wọnú ẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù á máa han, pàápàá tẹ́ ẹ bá yí stíárìn dé òpin tẹ́ ẹ dì í mú síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ká má dì í mú ní òpin ju bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ iná kékeré kan ló wà lára òpó stíárìn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí lára rack fúnra ẹ̀ nísàlẹ̀, sensọ̀ kan á máa wo bí agbára tí ọwọ́ yín fi ń yí i ṣe tó, á sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ní kí ẹ̀rọ iná yẹn ràn yín lọ́wọ́. Kò sí òróró, kò sí pọ́ọ̀ǹpù, kò sí bẹ́líìtì lára ẹ́ńjìnnì fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá agolo rọ́bà kékeré tí wọ́n ya àwòrán stíárìn sórí ìdérí ẹ̀. Tí ẹ ò bá rí irú ẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ti iná.

Iṣẹ́ tíṣà ti sọ mí di ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, mo bá ju jótà kan sínú àpò ilẹ̀kùn mọ́tò. Ohun tí mo ń kọ síbẹ̀ kì í ṣe "ó tún ké lónìí", ìyẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ àbí mo ti pa á, ṣé mọ́tò dúró àbí ó ń lọ, òsì ni mo yí sí àbí ọ̀tún, ṣé ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo àbí ó ń ké títí tí mo fi ń yí i, àárọ̀ kùtù ni àbí ọ̀sán, ọ̀dà ni àbí ilẹ̀ pupa àbí kọnkéré, ọwọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n lára àbí ẹsẹ̀ àbí etí nìkan. Ibi tí mo ti rí i pé mẹ́ta ni wọ́n nìyẹn, torí ìdáhùn wọn ò jọra.

Mo dárúkọ kọnkéré, ẹ dúró kí n sọ ìyẹn kí n tó gbàgbé. Ọ̀nà Obájánà sí Kàbà yẹn, bíi kílómítà 43 tí Dangote fi kọnkéré ṣe, bí mo bá ti gun orí ẹ̀ báyìí mọ́tò á máa hó vúúú, mo ti ń wá bírò láti kọ ọ́ sínú jótà pé bẹ́árìn tó ń jẹ́ kí táyà yí geere ló ń dún, bí mo ṣe bọ́ sórí ọ̀dà báyìí ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Táyà ni, ojú kọnkéré ló ń mú un hó. Bẹ́árìn tó ti bàjẹ́ ò mọ ọ̀dà yàtọ̀ sí kọnkéré, bí mọ́tò bá ṣe ń sáré sí i ló máa pariwo sí i, ó sì máa ń yí padà tẹ́ ẹ bá ń yà: bẹ́árìn apá òsì sábà máa ń le sí i tẹ́ ẹ bá ń yà sí ọ̀tún, torí ìwúwo mọ́tò ti bọ́ sí apá òsì. Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fagi lé e.

Ariwo àkọ́kọ́, fíìn yẹn, ò gba àkókò rárá. Ìgbà tí mọ́tò bá dúró tàbí tó bá rọra ń lọ tí mo ń páàkì ló máa ń wáyé, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, tí mo bá pa á tí mo tún yí stíárìn, stíárìn á wúwo, ariwo náà ò ní sí. A jẹ́ pé ẹ̀rọ iná tó ń ràn mí lọ́wọ́ ló ń dún. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, àbúrò mi bá mi wá ẹnì kan ní Lọ́kọ́ja tó ní irú mọ́tò náà gan-an, a jókòó sínú ẹ̀, a yí i, fíìn kan náà. Nǹkan tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nìyẹn nínú gbogbo àyẹ̀wò tí mo ṣe, kò ná mi ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì mú ìdá kan nínú mẹ́ta ìyọnu mi kúrò.

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ iná ò lè ní àìsàn o. Àwọn Hyundai àti Kia kan wà tó jẹ́ pé rọ́bà kékeré kan tó so ẹ̀rọ iná yẹn mọ́ gíà nínú òpó stíárìn máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, á wá máa kàn kọ́-kọ́ lábẹ́ ọwọ́ téèyàn bá ń gbọ̀n stíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, rọ́bà náà ò sì wọ́n, iṣẹ́ láti tú òpó sílẹ̀ ló gba wàhálà. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé stíárìn mọ́tò tuntun ò lè yọnu, ẹ ní kó lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024, Honda pe mọ́tò tó tó bíi mílíọ̀nù 1.7 padà ní Amẹ́ríkà nítorí stíárìn, Civic, CR-V àti HR-V wà nínú ẹ̀, módẹ́ẹ̀lì 2022 títí dé 2025. Gíà kan nínú àpótí stíárìn ló ń há, tí stíárìn á fi máa le lójijì lọ́wọ́ awakọ̀. Àtúnṣe ẹ̀ ni pé kí wọ́n pààrọ̀ sípíríìngì gíà náà kí wọ́n sì fi gíríìsì kún un níbi tó bá yẹ. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí, sípíríìngì àti gíríìsì. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra rack.

Mẹkáníìkì tó bá mi parí ìyókù, bàbá kan ni, ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà Òkenè. Bí mo ṣe dé, wọ́n kí mi bí a ṣe ń kí ara wa níbí, "Òkun o, tíṣà, kí ló dé?" Mo na jótà sí wọn. Wọ́n wo mí, wọ́n wo jótà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n wá pe ọmọṣẹ́ wọn pé kó wá gbọ́. Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa wà.

Kíún-kíún la kọ́kọ́ wá. Ó ti wà nínú jótà pé inú mọ́tò ló ti ń dún, pé ó ń dún yálà ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́, àti pé àkókò ọyẹ́ ló le jù. Bàbá ní kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, wọ́n fi irin gbè é lẹ́sẹ̀ dáadáa, táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, kí n máa yí i. Ó ṣì ń dún. Ìyẹn já sí pé ìwúwo mọ́tò ò mọwọ́ mẹsẹ̀, kì í ṣe shock tó ń gba agbára kòtò mọ́ra, kì í ṣe ball joint, oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ mọ́tò, nítorí ẹrù ti kúrò lórí wọn. Ọmọṣẹ́ yẹn wá ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, níbi tí irin stíárìn ti gba inú páànù kọjá sí ibi ẹ́ńjìnnì, rọ́bà kan wà níbẹ̀ tó di ojú ihò náà kí omi àti eruku má baà wọlé. Erùpẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Ó ta omi díẹ̀ sí i lára, kíún-kíún dákẹ́. A dúró kí omi gbẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ. Ohun tó wò ó sàn ni gíríìsì silicone, mo ní láti ra á láti Lọ́kọ́ja, torí Bàbá kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní fi òróró ẹ́ńjìnnì tàbí gíríìsì lásán sí i, pé ó máa ń jẹ́ kí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wú kó sì bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn kan máa ń gbọ́ ariwo tó fara jọ ọ́, àmọ́ ó máa ń jáde látinú àárín stíárìn gan-an, níbi tí hóònù wà, ó máa ń dún ṣààrà-ṣààrà. Wáyà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ká jọ ló wà níbẹ̀, òun ló ń gbé iná lọ sí hóònù àti airbag, àpò tó ń wú jáde láti gba èèyàn nígbà ìjàǹbá mọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí rewire ẹ̀bá títì kankan fi sípánà tú ibẹ̀ o, airbag lè bú lójú èèyàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú bátìrì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan bí ìwé mọ́tò ṣe wí, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku kọ́. Òun ni mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pè ní rack, òun náà ló gba ọgbọ́n jù. Ó máa ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà tí mo bá ń yí stíárìn lórí ìdúró tàbí tí mo bá ń yà wọ inú ọgbà ilé-ìwé, bíi pé nǹkan kan fò kúrò ní ààyè ẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì máa ń mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ mọ́tò. Tí wọ́n bá gbé mọ́tò sókè pẹ́nrẹ́n, kò ní dún mọ́.

Wọ́n yẹ àwọn tó rọrùn wò kíákíá. Bàbá di táyà mú ní ibi aago mẹ́ta àti mẹ́sàn-án, wọ́n mì í, kò sí ìmì, a jẹ́ pé tie rod, irin tó so rack mọ́ ẹsẹ̀ táyà, le dáadáa. Wọ́n tún dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ball joint àti bẹ́árìn náà le. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà tó bo orí shaft, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, bóyá ó ti ya tí gíríìsì ń ta jáde, kò ya. Èmi ti kọ́kọ́ gbé mọ́tò náà lọ sí pápá ilé-ìwé lọ́jọ́ Sátidé, mo yí stíárìn dé òpin, mo rọra ń yí po lọ́tùn-ún, mo tún yí po lósì, nítorí shaft tó ti ń kú máa ń ta ta-ta-ta-ta tí mọ́tò bá ń lọ báyẹn, bí ìsáré táyà ṣe pọ̀ ló ṣe máa yára tó. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù rò pé mo ń kọ́ mọ́tò. Kò ta.

Bàbá wá ní kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ kí ìwúwo ẹ̀ padà sórí táyà, wọ́n fa bíréékì ọwọ́, wọ́n fi òkúta sẹ́yìn táyà, wọ́n ní kí n máa yí stíárìn díẹ̀díẹ̀, ọmọṣẹ́ fọwọ́ lé sípíríìngì iwájú apá òsì. Kò sí nǹkan kan. Ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí mo ṣe ń yí i ni mo gbọ́ tó pariwo, "Mà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá fọwọ́ kàn án." Bàbá bọ́ sórí ìjókòó, wọ́n ń yí i, èmi náà fọwọ́ kàn án. Sípíríìngì náà ń wé mọ́ra díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi kúrò lára ẹ̀, nígbà tó kan ibi tí kò lè wé mọ́ mọ́ ó jù ara ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́! Ó yẹ kí òun àti táyà jọ máa yí pọ̀ ni, bẹ́árìn pẹlẹbẹ kan ló wà lókè shock fún iṣẹ́ yẹn. Ibì kan ló ń dì í lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ń wá sípánà ni Bàbá dákẹ́, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì tan nọ́ọ̀tì tó so shock náà mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Eyín sípánà wà lára ẹ̀. Wọ́n lọ wo apá òsì, nọ́ọ̀tì ibẹ̀ mọ́ toní-toní bí ilé-iṣẹ́ ṣe dì í. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹnì kan ti ṣí ibí yìí rí."

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Kò kọ̀, ó ní òótọ́ ni, òun bọ́ sínú kòtò kan lẹ́yìn tóun rà á, shock apá yẹn jò, àwọn kan bá òun pààrọ̀ ẹ̀, òun ò rò pé ó tó nǹkan tó yẹ kóun sọ. Ó dáa náà.

Bí wọ́n ṣe tú u ni gbogbo ẹ̀ hàn. Orí sípíríìngì nísàlẹ̀ ò jókòó sínú àmì tí wọ́n ṣe fún un, ó gun orí ẹ̀, bẹ́árìn òkè sì ti kún fún iyẹ̀pẹ̀, ó ń há. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé Bàbá ní irin tí wọ́n fi ń fún sípíríìngì mọ́lẹ̀, wọn ò fi okùn tàbí wáyà dì í bí mo ṣe ti rí i níbòmíràn, agbára tó wà nínú sípíríìngì tí wọ́n fún mọ́lẹ̀ lè fọ́ àgbọ̀n èèyàn tó bá já. Wọ́n ra bẹ́árìn tuntun, wọ́n tún sípíríìngì jókòó dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbé e lọ ṣe alignment ní Lọ́kọ́ja torí tí wọ́n bá ti tú shock báyẹn ìdúró táyà lè yẹ̀. Gbogbo owó náà, bẹ́árìn, iṣẹ́, silicone àti alignment, kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ní kí n fi ra rack, tá a bá yọ epo Lọ́kọ́ja kúrò.

Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́, tirẹ̀ ń rẹ́ kííírr tó bá ń yà sósì, ó ní kí n bá òun wá jótà. Kò gba jótà. Òkúta kékeré kan ló há sáàárín páànù pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn bíréékì àti díísìkì fúnra ẹ̀, wọ́n fi sikurudíráífà yọ ọ́.

Sùúrù tí mo fi kọ jótà yìí ò wà fún gbogbo ariwo o, kẹ́ ẹ má baà lò ó níbi tí kò yẹ. Tí stíárìn bá le lójijì, tí àmì stíárìn pupa tàbí yẹ́lò bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò kú, tí ẹ bá yà tán tí stíárìn ò padà sí àárín fúnra ẹ̀, tí ààyè òfìfo bá wà nínú ẹ̀ tí ẹ fi ń yí i tí táyà ò tíì dáhùn, tàbí tí kọ́ náà bá bá ìgbọ̀nrìrì wá, ẹ má wakọ̀ náà mọ́. Tie rod tó bá já lórí eré, táyà á kọjú síbi tó wù ú. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú níbi tí àwọn tírélà ò ti ní gbá yín, ẹ páàkì, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì wá bá yín níbẹ̀.